Èmi Ni Mo Pa Bàbá Màmá Sífáwù sí Bọ́mà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti ń rú mi nínú bí ìgbà tí èèyàn jẹ iṣu tí kò jinná. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ fún àáfà wa. Ọmọ mi obìnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sì ranjú mọ́ ọn pé kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n mú ìwé kan wá sí Apòmù. Tí mo bá mú un dé ibẹ̀, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ohun tí mo ṣe. Tí mi ò bá mú un dé, obìnrin àgbà kan máa kú sínú irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ tán.

Wẹ́dà ni mí n'Ìkirè. Mi ò ní í dárúkọ ara mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ìlú wa kọjá ti rí iṣẹ́ mi. Géètì èyíkéyìí tí ẹ bá rí tí ẹyẹ ọ̀kín wà lójú rẹ̀, láti Ìkirè títí dé Gbọ̀ngán, ọwọ́ mi ló ti jáde. Àwọn kan ti gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Tiwọn jọ adìẹ.

Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ sí oko kòkó. Ìwé mẹ́ta yẹn náà ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo lè ka Yorùbá, ẹ̀yin náà sì rí i pé mo ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi wúwo. Òyìnbó ni kò yé mi. Mo máa ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kò yàtọ̀ sí ibi tí adìẹ ta ẹsẹ̀ sí lójú mi.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Tí oníbàárà bá gbé ìwé òyìnbó fún mi, màá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá mi orí, màá ní, "Ó dáa, mo ti rí i." Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń mi orí. Kò sẹ́ni tó já mi.

Bàbá tó bí bàbá mi, Sùnmọ́nù ni wọ́n ń jẹ́. Bàbá Ṣójà ni gbogbo Ìkirè ń pè wọ́n. Wọ́n lọ sí ogun Bọ́mà, wọ́n sì padà wálé. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n kú. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ogun. Ohun tí mo rántí jù nípa wọn ni pé wọ́n mọ ìrẹsì sè ju gbogbo obìnrin ilé wa lọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Èmi ni mo wá ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ogun náà. Lẹ́nu mi, Bàbá Ṣójà ti fi ìbọn já ọkọ̀ òfúrufú lulẹ̀. Lẹ́nu mi, wọ́n ti pọn ọ̀gá òyìnbó la odò kọjá. Mo sọ ọ́ títí, èmi fúnra mi gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kan, níbi ìpàdé àwa oníṣẹ́ ọwọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kápẹ́ńtà kan tí ojú rẹ̀ le bí igi tó ń là wá dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ìwé ṣójà yìí dà? Torí bàbá tèmi náà bá wọn lọ sínú òṣùpá. Kò síwèé, ṣùgbọ́n ẹ sáà gbà á bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan da mínírà sí ara rẹ̀ láyà. Mo ní, "Màá mú ìwé dé. Ọjọ́ tí mo bá mú un dé, irùngbọ̀n rẹ lo máa fi gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìrìn àjò Ìbàdàn nìyẹn, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí.

Ìkirè sí Apòmù kò jìnnà, ọ̀rọ̀ sì máa ń débẹ̀ ṣáájú ẹlẹ́sẹ̀. Màmá Sífáwù ránṣẹ́ pè mí. Èmi ni mo ṣe géètì ilé ọmọ wọn. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìkirè, wọ́n ní ò ń lọ wá ṣójà yín nínú ìwé n'Ìbàdàn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n ní, "Bá mi wá tèmi náà. Lásísì ni wọ́n ń jẹ́. Oyún mi ò ju oṣù mẹ́ta lọ nínú ìyá mi nígbà tí wọ́n lọ."

Wọ́n wá sọ ìtàn náà fún mi. Bàbá wọn lọ sí ogun Bọ́mà, kò dé. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó kú, kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó wà láàyè. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: a kì í ṣe opó ọkọ tí ẹnikẹ́ni ò túfọ̀ rẹ̀. Ìyá wọn ò tú irun, kò jókòó sílé, kò bọ́ aṣọ kankan. Tí ọkùnrin bá wá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Mo lọ́kọ. Ibi iṣẹ́ ló lọ." Ìyàwó Ṣójà ni wọ́n pè é títí ó fi darúgbó. Ìyàwó Ṣójà ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sin.

Màmá ní, "A ò ṣe fídáù fún bàbá mi rí. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàdúrà òkú fún ẹni tó ṣeé ṣe kó máa jẹ ẹ̀bà níbì kan?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo nà tàntàn. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ti wà nínú ìwé, kò ní í bọ́ lójú mi."

Mo dé Ìbàdàn. Wọ́n gba báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba bírò mi, wọ́n ní pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló dá mi lóhùn. Ó bi mí ní orúkọ bàbá tó bí Bàbá Ṣójà, mo sọ ọ́, ó wá a, kò rí i. Mo ti ń làágùn. Ó wá ní, "Ẹ dúró ná, sà. Láyé ọjọ́un, orúkọ ìlú ni wọ́n máa ń fi kún orúkọ àwọn ṣójà. Ẹ jẹ́ ká wá Sùnmọ́nù Ìkirè."

Bó ṣe wí ló rí. Sùnmọ́nù Ìkirè wà nínú fáìlì àwọn ṣójà agbègbè wa. Mo ní kó bá mi wo Lásísì Apòmù. Òun náà wà níbẹ̀, odindi ojú ìwé kan.

Obìnrin yẹn gbé fáìlì náà síwájú mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ máa lè kà á, àbí kí n bá yín túmọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn. Tí mo bá sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀", ǹ bá máa sùn dáadáa lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yunifásítì méjì wà lórí àga ní ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n sì gbójú sókè. Mo ní, "Madam, ṣé mo jọ púrúǹtù lójú yín ni?" Ó ní kí n má bínú. Ó padà lọ jókòó.

Mo wo ìwé Bàbá Ṣójà. Mo mọ orúkọ wọn. Ìyókù, ẹsẹ̀ adìẹ ni. Mo wo ti Lásísì. Wọ́n fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi pupa kan náà kọ nǹkan díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ta ló ń fi pupa kọ orúkọ alààyè? Nígbà tí a wà ní kékeré nílé ìwé, tí ọmọ kan bá fi bírò pupa kọ orúkọ rẹ, ìjà ni. O máa lù ú títí ó fi máa pa á rẹ́. Orúkọ òkú ni wọ́n ń fi pupa kọ. Bí mo ṣe rí pupa yẹn, ara mi sọ fún mi pé ọkùnrin yìí ti kú. Mo mi orí. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ dé Ìkirè, mo na ìwé Bàbá Ṣójà sí kápẹ́ńtà lójú. Kò fi irùngbọ̀n gbálẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí bíi tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Apòmù.

Èèyàn ti kún yàrá Màmá dé ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó sórí ẹní, wọ́n wé gèlè funfun. Ó yẹ kí n kàn sọ pé "Màmá, wọ́n ní bàbá yín ti kú" kí n sì jókòó. Rárá. Mo dìde. Mo gbé ìwé náà sókè bí oníwàásù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í "kà á".

Mo ní Lásísì Apòmù ṣubú létí odò kan ní Bọ́mà. Mo ní Sùnmọ́nù Ìkirè ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní Sùnmọ́nù ló wẹ̀ ẹ́, tó fi aṣọ ara rẹ̀ dì í, tó kọjú rẹ̀ sí Mẹ́kà, tó kírun sí i lára nígbà tí ọta ìbọn ń fò kọjá lórí rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Ẹnu mi ń ṣàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń rí bí bàbá bàbá mi ṣe ń ga sí i nínú yàrá yẹn, tí èmi náà sì ń ga.

Màmá sunkún. Wọ́n ní "Alihamudulilai." Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dárúkọ mi?"

Mo ní, "Màmá, ìyẹn ò sí nínú ìwé."

Wọ́n ṣe fídáù. Wọ́n pa àgbò. Màmá, pẹ̀lú ọjọ́ orí yẹn, tú irun wọn, wọ́n jókòó sínú yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní opó tí ìyá àwọn ò rí ṣe ni àwọn ń bá a ṣe. Wọ́n ní kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àáfà, lórí àga tó ní tìmùtìmù. Mo jókòó síbẹ̀. Mo jẹ ẹran àgbò yẹn.

Ọdún Iléyá tó tẹ̀lé e, ọmọ mi obìnrin wálé. Tíṣà ni. Ó ń wá ìwé rẹ̀ kan nínú dúrọ́ọ̀ mi, ló bá rí fọ́tòkọ́pì méjèèjì. Mo wà níta tí mo ń fọ ọwọ́. Mo gbọ́ tó ní, "Dáádì! Ẹ̀yin lẹ ní ọkùnrin yìí kú?"

Mo ní, "Ó kú dáadáa. Kí ló dé?"

Ó ní, "Dáádì, òun ló ni lẹ́tà yìí. Ogun ti parí nígbà tó ní kí wọ́n kọ ọ́."

Mo ní kó kà á fún mi. Ó túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí, èmi tí mi ò lè kà á. Lásísì ní òun ò kú. Ó ní ẹsẹ̀ òsì òun ló kù sí Bọ́mà. Ó ní ojú ń ti òun láti fi ẹsẹ̀ kan wọ Apòmù tí òun fi méjì jáde níbẹ̀, òun wá bá ọ̀rẹ́ òun kan lọ sí Kùmásí, òun ń kọ́ iṣẹ́ bàtà níbẹ̀. Ó bẹ ìjọba kí wọ́n bá òun wá ìyàwó òun. Tó bá lè fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, kó wá. Tí kò bá lè wá, òun ò ní í bínú. Ó ní oyún tí òun fi sílẹ̀, òun ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà.

Mo tọ́ka sí ibi tí pupa ti wà nínú ojúlówó ìwé náà n'Ìbàdàn. Mo ní, "Ìyẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ó wò ó. Ó ní, "Ọ̀gá kan ló kọ ọ́ pé òun ti rí lẹ́tà náà, kí wọ́n fi í sínú fáìlì." Ó wò mí lójú. "Dáádì, ṣé ẹ ò kà á ni?"

Ó mú ìwé kejì. Ó ní orúkọ Bàbá Ṣójà wà lára àwọn kúùkù. Ibi ìdáná àgọ́ ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun dé òpin rẹ̀. Wọn ò dé ibi tí Lásísì wà rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ṣe, ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀kan nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ lè ní àìmọ̀kan ni. Láti ọjọ́ yẹn lọ, mo mọ̀. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo ní tó bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Ọmọ tí mo rán lọ sílé ìwé kó lè mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ó sunkún lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò lè gbà kí kápẹ́ńtà yẹn gbọ́ "kúùkù". Mi ò lè gbà kí gbogbo Ìkirè mọ̀ pé orí lásán ni mo ń mì láti ogún ọdún. Mo dákẹ́. Lọ́dọọdún ni Màmá ń pè mí síbi àdúrà ìrántí, lọ́dọọdún ni mo ń lọ. Tí mo bá gbàgbé ibì kan nínú irọ́ mi, Màmá á rán mi létí. "O ò tíì sọ ti aṣọ tó fi dì í." Wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tí mo bá sì parí rẹ̀, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan náà bíi pé wọn ò bi mí rí: "Ṣé lóòótọ́ ni kò dárúkọ mi?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara Màmá ò yá. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìkirè, mú ìwé yẹn wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ti dé. Mo fẹ́ kó kà á sí mi létí. Ìwọ ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀jẹ̀ bàbá mi kí n tó lọ bá a."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè jókòó. Tí mo bá jókòó, màá dìde. Mo jó géètì kan pọ̀ lánàá, mo fi orí ọ̀kín sí ìdí rẹ̀, oníbàárà ń wò mí bí ẹni mu igbó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gun ọ̀kadà dé Apòmù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dé ẹnu géètì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí mi ò kàn án, tí mo padà. Ọlọ́kadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Àgbà, ṣé gbèsè ni?"

Mo fẹ́ jó ìwé náà. Mo jẹ́wọ́. Mo tan iná wẹ́dìn, mo mú ìwé náà lọ́wọ́ kejì. Mo ní màá sọ pé òjò ló pa á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ló jókòó sí Kùmásí tí kò lè kọ ìwé, tó lọ bẹ ẹlòmíì kó bá òun kọ ọ́. Ojú ò tì í láti sọ fún akọ̀wé pé òun ò mọ̀wé. Ó fẹ́ mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ló ká a lára. Mo pa iná náà.

Mo fóònù ọmọ mi. Mo ní kó bá mi lọ sọ ọ́ fún Màmá. Ó ní, "Dáádì, màá bá yín lọ. Màá jókòó tì yín. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ló máa sọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi, mo bẹ̀ yín. Àwọn kan lára yín máa ní kí n sọ òtítọ́. Ó rọrùn láti sọ. Tí mo bá sọ ọ́, mo máa gba sàréè tí mo fún Màmá lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ti ń gbàdúrà lé lórí láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa mọ̀ pé ìyá wọn jókòó sí Apòmù, bàbá wọn jókòó sí Kùmásí, àwọn méjèèjì ń retí ara wọn títí ikú fi dé. Ṣé ara àgbàlagbà tí kò yá lè gba ìyẹn? Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní ọbàkan níbẹ̀ tí ń bẹ láàyè, tí wọn ò mọ̀.

Àwọn mìíì máa ní kí n jẹ́ kí wọ́n sùn jẹ́ẹ́. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n máa kú láìgbọ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún. Ọwọ́ mi ni ìdáhùn náà wà. Kò dárúkọ wọn nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ fún òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá Màmá ṣáájú Jímọ̀, kí èmi àti wọn nìkan wà nínú yàrá, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ ọ́? Àbí kí n gbé ìwé náà fún ọmọ-ọmọ wọn, kó kà á lójú gbogbo èèyàn, kí ìtìjú mi lè pé? Mi ò bẹ̀rù kápẹ́ńtà mọ́. Wọ́n lè pè mí ní ọmọ kúùkù láti Ìkirè dé Gbọ̀ngán. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa sọ fún obìnrin tó ti tú irun rẹ̀ pé bàbá tó sin kò kú sí Bọ́mà.

Òní ni Ọjọ́rú. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá, kí n lè kà á fúnra mi.